Ìbùsọ̀ Ọkàn: Bí A Ṣe Lè Fi Ìtẹ́lọ́rùn àti Ìgbàgbọ́ Rin Ọ̀nà Jíjìn Láti Èkó

Kí ọkọ̀ tó gbéra ní Jíbówú, èrò kan ti lè bínú lẹ́ẹ̀mẹta. Agbèrò ní ẹnì kan ṣoṣo ló kù kí ọkọ̀ kún, àṣé mẹ́fà ló kù. Ẹlòmíràn ti jókòó sí ẹ̀bá fèrèsé tí èrò yìí ti sanwó fún. Wọ́n tún gbé àpò ìrẹsì lé e lẹ́sẹ̀. Bí Àbújá ló ń lọ, wákàtí 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣì wà níwájú, ìbínú yìí sì ni yóò bá a jókòó dé ibẹ̀.

Láyé ọjọ́un, àwọn alájàpá tó ń ru ẹrù kì í rin ọ̀nà jíjìn lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ní ìbùsọ̀, ibi tí wọ́n ti ń sọ ẹrù kalẹ̀, tí wọ́n ti ń mu omi, tí wọ́n ti ń na ẹ̀yìn kí wọ́n tó tún un gbé. Ohun tí a fẹ́ kọ́ yín nìyẹn: bí ẹ ṣe lè pín ọ̀nà sí ìbùsọ̀ fún ọkàn yín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká là á mọ́lẹ̀ ná. Ìtẹ́lọ́rùn kọ́ ni kí ènìyàn dákẹ́ nígbà tí dẹ́rẹ́bà bá ń sá eré àsápajúdé. Ìgbàgbọ́ kọ́ sì ni kí a wọ ọkọ̀ láì wo táyà rẹ̀. Ẹ ṣe gbogbo èyí tó wà lọ́wọ́ yín tán, kí ọwọ́ yín lè ṣófo láti fi ìyókù lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Àwọn Mùsùlùmí mọ ọ̀rọ̀ Ànábì nípa ẹni tó bèèrè bóyá kí òun tú ràkúnmí òun sílẹ̀ kí òun sì gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run. Ìdáhùn tó gbà ni pé kó so ó mọ́lẹ̀, kó sì gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run.

Ọjọ́ tó ṣáájú: ẹ tún ìṣirò àkókò ṣe

Àkókò tí a ti ṣèlérí fún ẹlòmíràn ló ń bí èyí tó pọ̀ jù nínú ìbínú ojú ọ̀nà. Bí ọ̀nà bá ṣí, Èkó sí Ìbàdàn lè gba wákàtí 2. Èkó sí Benin, tó tó nǹkan bíi kìlómítà 300, lè gba wákàtí 5 tàbí 6. Ẹ má fi èyí ṣèlérí. Ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́ta kún un: wákàtí 6 di 8, wákàtí 12 di 16. Àkókò tó gùn yẹn ni kí ẹ sọ fún àwọn tó ń retí yín. Bí ẹ bá tètè dé, ayọ̀ ni. Bí ẹ bá pẹ́, kò sẹ́ni tí yóò máa pè yín ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá. Bí ìgbéyàwó bá wà ní ọjọ́ Sátidé, Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ ìrìnàjò, kì í ṣe àárọ̀ Sátidé.

Nínú àpò kékeré tí yóò wà lórí ẹsẹ̀ yín, kì í ṣe nínú búùtù, ẹ kó nǹkan wọ̀nyí sí: omi lítà kan àbọ̀, búrẹ́dì, ẹyin sísè méjì, ìpékeré àti ẹ̀pà, oògùn tí ẹ ń lò lójoojúmọ́, pàápàá ti ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti ìtọ̀ ṣúgà, aṣọ ìborùn, ọ̀rá dúdú méjì fún ẹni tó bá fẹ́ bì, owó wẹ́wẹ́ tí ẹ pín sí ibi méjì, àti bébà tí ẹ kọ nọ́ńbà ènìyàn mẹ́ta sí, nítorí fóònù máa ń kú. Ẹ fi mọ́ínmọ́ín àti ọbẹ̀ sílẹ̀ nílé. Ooru inú ọkọ̀ máa ń ba mọ́ínmọ́ín jẹ́ láàárín wákàtí díẹ̀, ìgbẹ́ gbuuru lójú ọ̀nà márosẹ̀ sì nira ju ebi lọ.

Ẹ tún kọ àdúrà tàbí ẹsẹ ìwé mímọ́ sórí bébà, tàbí kí ẹ há a sórí. Bíbélì orí fóònù kò wúlò nígbà tí bátìrì bá kú lẹ́yìn Òrè. Orin Dáfídì 121 ni a máa ń dábàá fún Kristẹni, nítorí ẹsẹ 8 péré ló ní, àlọ àti àbọ̀ sì ni ó fi parí. Bí ẹ bá ń há ẹsẹ méjì lálẹ́ kọ̀ọ̀kan, alẹ́ mẹ́rin ti tó. Fún Mùsùlùmí, àdúrà ìgúnkọ̀ wà nínú Súrà 43, áyà 13 àti 14, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú *Subhanalladhi sakhkhara lana hadha*. Ohun tó ń sọ ni pé mímọ́ ni fún Ẹni tó tẹ nǹkan ìgùn yìí lórí ba fún wa, pé agbára wa kò ká a, àti pé ọ̀dọ̀ Olúwa wa la ó padà sí. Oníṣẹ̀ṣe tó ń ké sí Ògún, nítorí irin ni ọkọ̀, kí ó ṣe ìwúre rẹ̀ tán nílé kí ó tó jáde. Kánjúkánjú gáréèjì kò dára fún ìwúre.

Láti ilé dé gáréèjì

Ẹni tó ń bọ̀ láti Ajah tàbí Lẹ́kkí kí ó má fi aago mẹ́fà àárọ̀ sọdá afárá Third Mainland. Bí ọkọ̀ bá máa gbéra ní aago méje, ẹ kúrò nílé ní aago mẹ́rin ààbọ̀. Ẹni tó bá sáré wọ gáréèjì pẹ̀lú òógùn lójú kì í wo ohunkóhun. Èyí tí agbèrò bá tì í sí ló máa wọ̀.

Inú gáréèjì ni kí ẹ ti wọkọ̀, bóyá ní Jíbówú, Ọ̀jọ́tà, Berger tàbí Mile 2. Ẹ má wọ ọkọ̀ ẹ̀bá títì nítorí pé owó rẹ̀ dín. Ibẹ̀ ni àwọn onísùnmọ̀mí tí a ń pè ní wanṣáànsì ti ń rí èrò wọn. Nínú gáréèjì pàápàá, ọkọ̀ tó dà bíi pé ó ti kún lè má kún, nítorí àwọn ọmọ gáréèjì máa ń jókòó bí èrò, wọn á sì sọ̀kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí èrò gidi ṣe ń wọlé. Ẹ wo ẹsẹ̀ wọn. Ẹni tí kò ní ẹrù, tí kò ní tíkẹ́ẹ̀tì, tó wọ sálúbàtà ilé, kò lọ sí Ṣókótó. Ẹni tí kò bá lè fara da ìdúró kó san owó díẹ̀ lé e, kó wọ ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ní àkókò ìgbéra. Bí ẹ bá sì ti yan èyí tó ń dúró kí ó kún, ẹ ti fọwọ́ ara yín yan ìdúró náà, ẹ mú ìwé kíkà dání.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ yí ọkọ̀ po. Ìṣẹ́jú 3 ni.

Táyà iwájú ló ṣe pàtàkì jù, nítorí bí ó bá bẹ́ lórí eré, ó lè já ìdarí gbà lọ́wọ́ dẹ́rẹ́bà. Ẹ wò ó bóyá ìlà rẹ̀ ti pa rẹ́, bóyá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wú, bóyá wáyà ti ń yọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, nọ́ńbà mẹ́rin kan wà ní ìparí ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DOT: 2319 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Táyà tòkunbọ̀ lè dán bíi tuntun kí ó sì ti gbó nínú. Nọ́ńbà yìí kì í bá a parọ́. Ẹ wò ó bóyá jáákì, táyà àfikún àti bẹ́líìtì wà. Bí èéfín bá ń wọ inú ọkọ̀ nígbà tí ẹ̀ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ẹ má wọ̀ ọ́. Orí fífọ́ àti oorun àìdáa ni yóò kọ́kọ́ fà, ó sì lè pa ènìyàn bí wọ́n bá ti gbogbo fèrèsé.

Ìjókòó náà ní ìmọ̀ nínú. Ẹ̀yìn pátápátá máa ń fò sókè nínú kòtò. Àárín, láàárín táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn, ló rọlẹ̀ jù. Iwájú dára fún ẹni tí ọkọ̀ máa ń gbé lójú, ṣùgbọ́n abẹ́ ìjókòó iwájú ni ẹ̀ńjìnnì ọ̀pọ̀ Hiace wà, ooru á sì máa ta sí ẹsẹ̀. Ẹni tó ń lọ sókè, sí Ìbàdàn, Ọ̀yọ́, Ìlọrin, kí ó rántí pé oòrùn àárọ̀ ń bọ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún, ti ìrọ̀lẹ́ láti ọwọ́ òsì. Bí ẹ bá gbéra láàárọ̀, ẹ jókòó sí òsì. Lẹ́yìn ọ̀sán, ẹ jókòó sí ọ̀tún.

Níkẹyìn, ẹ kọ orúkọ yín gidi àti nọ́ńbà ẹbí yín sínú ìwé èrò. Ọ̀pọ̀ máa ń kọ nọ́ńbà ara wọn sí ibi tí wọ́n ti ní kí wọ́n kọ ti ẹbí, bíi pé kíkọ ọ́ ń pe ibi. Kì í pe ibi. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, fóònù yín ni kò ní lè dáhùn.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́

Ẹ kọ́kọ́ kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. "Ẹ kú ọ̀nà o, mà. Ibo lẹ̀ ń lọ?" ti tó. Ẹni tí a ti kí máa ń sún ẹsẹ̀ fún wa. Ẹni tí a ò kí máa ń fi ìgbọ̀nwọ́ gba ààyè. Bí ẹ bá ń jẹun, ẹ sọ pé "ẹ bá mi jẹ" gẹ́gẹ́ bí àṣà, bí wọ́n bá sì fi oúnjẹ lọ̀ yín, "mo ti yó, ẹ ṣeun" ni ìdáhùn. Oúnjẹ àti ohun mímu ẹni tí a kò mọ̀ kì í ṣe ohun tí à ń gbà nínú ọkọ̀.

Bí wọ́n bá ní kí ẹ gbàdúrà fún gbogbo ọkọ̀, ẹ má kọjá ìṣẹ́jú kan. Ẹ pe Ọlọ́run ní orúkọ tí gbogbo èrò lè ṣe àmín sí, ẹ dárúkọ dẹ́rẹ́bà, táyà, ọ̀nà àti àwọn tó wà nílé, ẹ parí rẹ̀. Àdúrà tó di ìwàásù ìṣẹ́jú 40 máa ń yọ àwọn ẹlẹ́sìn mìíràn kúrò nínú ìdàpọ̀ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọn sí. Bí oníwàásù tàbí alágbo bá wọlé, ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ dáhùn, ẹ má ra oògùn inú ọkọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti inú rírun ò ṣeé fi oògùn kan náà wò.

Ìbùsọ̀ gan-an

Ẹ yan ibi márùn-ún tàbí mẹ́fà tí ọkọ̀ yóò kọjá. Ọ̀nà Ìbàdàn: Berger, afárá gígùn lẹ́bàá Kárà, Mówè, oríta Ṣàgámù, Ògèrè, ẹnu bodè Ìbàdàn. Ọ̀nà Benin: Ṣàgámù, Ìjẹ̀bú-Òde, Òrè, Ofosu, Okada, Benin. Ọ̀nà Ìlọrin: Ṣàgámù, Ìbàdàn, Ọ̀yọ́, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin. Ibi ni kí ẹ yàn, kì í ṣe aago. Ọ̀nà lè mú kí aago méjì bá yín níbikíbi, ṣùgbọ́n Ọ̀yọ́ kò kúrò ní Ọ̀yọ́.

Bí ẹ bá dé ìbùsọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ ṣe nǹkan mẹ́ta, kó má ju ìṣẹ́jú 3 lọ.

Àkọ́kọ́, ẹ sọ ẹrù kan kalẹ̀. Kan ṣoṣo, kí ó sì ní orúkọ. "Olúwa, gbogbo wàhálà mi" wúwo jù láti sọ̀, ẹ ó tún gbé e padà kí ọkọ̀ tó kúrò níbẹ̀. "Mo ń bẹ̀rù pé owó ilé-ìwé àbúrò mi kò ní pé kí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó parí": èyí ṣeé sọ̀. Ẹ sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ẹ fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Bí ohun kan bá wà tí ẹ lè ṣe nípa rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sórí bébà fún ọ̀la.

Ìkejì, ẹ dúpẹ́ fún ohun tó ti kọjá láàárín ìbùsọ̀ méjì, pẹ̀lú orúkọ pẹ̀lú: pé kòtò yẹn kò bẹ́ táyà, pé ọmọ ẹ̀yìn yẹn ti sùn, pé dẹ́rẹ́bà dúró nígbà tí a ní kó dúró.

Ìkẹta, ara. Ẹ mu omi ẹnu méjì tàbí mẹ́ta, ẹ yí ọrùn ẹsẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀ 20, ẹ na ẹ̀yìn.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí ènìyàn yan ìbùsọ̀ méjìlá. Ó di iṣẹ́, wọn á sì pa á tì kí wọ́n tó dé Ìbafò. Àwọn mìíràn ń fi ìbùsọ̀ ka iye tó kù, "ó ku mẹ́rin, ó ku mẹ́ta", ìkánjú ni èyí, ó kàn wọ aṣọ àdúrà ni. Àwọn mìíràn ṣí máàpù sílẹ̀ lórí fóònù, gbogbo ìgbà tí wákàtí ìdébẹ̀ bá yí padà ni ọkàn wọn ń yí pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ pa á dé. Bí oorun bá gbé yín kọjá ìbùsọ̀ kan, ẹ má banú jẹ́. Oorun náà jẹ́ ẹ̀bùn. Ẹ ṣe é ní ìbùsọ̀ tó kàn.

Nígbà tí ọkọ̀ kò lọ mọ́

Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ló ń dán ènìyàn wò jù, torí kò sí ewu níbẹ̀ tí à bá fi ìgboyà kojú, kò sì sí ohun tó ń lọ. Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè bóyá òùngbẹ ń gbẹ yín. Nítorí ẹ̀rù ìtọ̀, ọ̀pọ̀ kì í mu omi láti àárọ̀, orí á bẹ̀rẹ̀ sí fọ́, wọn á sì máa ka orí fífọ́ náà sí ìwà burúkú ẹlòmíràn. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa mu ún, ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí ara wọn, kí ẹ sì tọ̀ ní gbogbo ibi tí ọkọ̀ bá ti dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtọ̀ kò tíì gbọ̀n yín.

Lẹ́yìn náà, ẹ mí sínú fún kíkà 4, ẹ mí síta fún kíkà 6, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Mímí síta tó gùn ló ń rọ àyà sílẹ̀. Ẹ lè fi orúkọ Ọlọ́run sí i: Mùsùlùmí lè fi oríkèé ìka ka tàsíbíù 33, Kristẹni lè pín ẹsẹ Orin Dáfídì kan sí méjì, ìlàjì fún mímí sínú, ìlàjì fún mímí síta. Ẹ ra omi lọ́wọ́ ọmọ tó ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀, ẹ sì kí i. Iṣẹ́ rẹ̀ ni dídúró tó ń dun yín.

Ẹni tó bá jókòó ju wákàtí 4 lọ láì mi ẹsẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú iṣan rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú tó sì ń dunni, tàbí tí àyà ń dunni tí mímí sì ṣòro, kódà lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ilé ìwòsàn ni.

Nígbà tí dẹ́rẹ́bà ń sáré

Ọkọ̀ èrò kò gbọ́dọ̀ kọjá kìlómítà 90 ní wákàtí kan lójú ọ̀nà márosẹ̀. Fóònù yín lè fi iye eré hàn. Ẹ má pariwo, ẹ má bú u: dẹ́rẹ́bà tí a bú níwájú èrò máa ń tẹ iná sí i. Ẹ wá àgbàlagbà kan nínú ọkọ̀, kí ó jẹ́ òun ló máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Ọ̀gá dẹ́rẹ́bà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa rọra. Àwa ò kánjú, ọmọdé wà lẹ́yìn." Kí èrò méjì tàbí mẹ́ta tẹ̀ lé e, "ẹ ṣeun sà, ẹ rọra". Bí ó bá dín eré kù, ẹ dúpẹ́ sókè. Bí kò bá gbọ́, tàbí tí ẹ bá rí i pé ó ń tòògbé, ẹ jọ ní kó dúró ní ibi ìdúró tó ní iná àti ènìyàn, kí ẹ pe gáréèjì tí ẹ ti wọkọ̀. Nọ́ńbà àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó FRSC ni 122. Ti pàjáwìrì ni 112, àti 767 ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ẹ fi wọ́n sínú fóònù kí ẹ tó gbéra.

Bí ọkọ̀ bá bàjẹ́

Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sọ̀kalẹ̀, ibi tí ọkọ̀ mìíràn kò ti ń kọjá. Ẹ kọjá irin ẹ̀bá ọ̀nà, ẹ má dúró síwájú tàbí sẹ́yìn ọkọ̀. Ẹ rí i pé wọ́n gbé àmì onígun mẹ́ta pupa sẹ́yìn, ó kéré tán bí ìṣísẹ̀ 50. Bí ẹ̀ńjìnnì bá gbóná jù, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ṣí ìdérí rédíétọ̀ kí ó tó tutù, ó kéré tán ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, nítorí omi gbígbóná á tú jáde sójú.

Ẹ wo aago. Lẹ́yìn wákàtí kan tí kò sí àtúnṣe, kí ẹnì kan ṣoṣo ṣojú gbogbo èrò láti bèèrè ọkọ̀ mìíràn tàbí owó ọ̀nà tó kù. Ohùn mẹ́rìnlá lẹ́ẹ̀kan náà kì í gba owó padà. Bí ilẹ̀ bá ti fẹ́ ṣú, ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá tún ọkọ̀ ṣe. Ẹ wá bí gbogbo yín yóò ṣe dé ìlú tó súnmọ́ jù. Ìdí tí a fi ní kí ẹ fi owó pamọ́ sí ibi méjì nìyẹn.

Ìrun àti ààwẹ̀ lójú ọ̀nà

Fún Mùsùlùmí, ìrìnàjò tó bá tó nǹkan bíi kìlómítà 80 gba ìrọ̀rùn nínú ìrun, Èkó sí Ìbàdàn sì kọjá bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti jáde kúrò ní ìlú, ìrun àìlà, àsárì àti íṣáì di ráká méjì-méjì. Sùbúhì wà ní méjì, mọ̀gáríbì wà ní mẹ́ta. Ẹ lè kó àìlà pọ̀ mọ́ àsárì, mọ̀gáríbì pọ̀ mọ́ íṣáì. Nítorí náà, ìdúró kan lọ́sàn-án àti ìdúró kan lálẹ́ ti tó, kí ẹ sì ti sọ fún dẹ́rẹ́bà láti gáréèjì, kì í ṣe nígbà tí àkókò ti ń lọ. Ìlàjì lítà omi tó fún àlùwàlá bí ẹ bá ń dà á díẹ̀díẹ̀. Bí kò bá sí omi, tayamọ́mù wà. Arìnrìnàjò lè jẹun nínú Ràmàdáánì kí ó sì san án padà. Ẹ má ka gbígba ìrọ̀rùn sí àìlera ìgbàgbọ́. Ọlọ́run ló fi í sílẹ̀. Kristẹni tó ń gbààwẹ̀ tí oòrùn sì ń pa nínú ọkọ̀ lè sún ààwẹ̀ náà sí ọjọ́ mìíràn.

Nígbà tí ẹ bá dé

Ẹ ka ẹrù kí ọkọ̀ tó kúrò. Ẹ wo abẹ́ ìjókòó. Ẹ kí dẹ́rẹ́bà, "ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ewu", kódà bí ẹ bá ti bá a ṣe àríyànjiyàn lọ́nà. Ẹ pe ilé kí fóònù tó kú. Ẹ rìn fún ìṣẹ́jú 10 kí ẹ tó jókòó, ẹ mu omi. Ẹ má dáhùn ọ̀rọ̀ owó tàbí ìjà ẹbí títí ẹ ó fi wẹ̀, tí ẹ ó fi sùn. Bébà tí ẹ kọ iṣẹ́ ọ̀la sí ń bẹ nínú àpò kékeré. Ẹ yọ ọ́ kí ẹ tó fọ aṣọ.